Gẹ̀ẹ́sì Ìyá Òkè Àrin

Ọjọ́ Ajé, 14 Méè 1956

Ẹran ìtúnu àwẹ̀ kò tíì tán nínú ìkòkò tí wàhálà tuntun fi wọlé. Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Bàbá London. Wọ́n ń bọ̀ nílé nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, àwọn àti ìyàwó wọn òyìnbó, àti ọmọbìnrin wọn tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá Mọ̀núrù ọkọ mi ló ka lẹ́tà náà fún Ìyá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ń to agolo mílíìkì tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí ìsọ̀ wọn ní ọjà Òkè Àrin, wọn ò gbójú sókè. Àkọ́bí wọn ni Bàbá London, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti gbéyàwó níbẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ wọn, wọn kò fèsì lẹ́tà rẹ̀ kankan mọ́. Nígbà tí kíkà tán, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: "Èdè wo ni ọmọ náà ń sọ?"

Bàbá Mọ̀núrù ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni.

Ìyá padà sídìí agolo wọn. Lẹ́yìn ìrun màgàríbì, wọ́n yọ sí mi ní yàrá. Ìyá ọkọ mi, ní yàrá mi! Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tí o ní ẹ fẹ́ ṣe nínú ilé kéwú Àáfà Jímọ̀ yẹn, ṣé obìnrin lè wá?"

Mo ní obìnrin gan-an la fẹ́ ṣe é fún.

"Kọ orúkọ mi sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró láàárín èmi àti ọmọ ọmọ mi, kó máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìyá rẹ̀ náà, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ."

Kọ orúkọ mi! Èmi ìyàwó ilé, tí n kò gbọdọ̀ pè é, ká má tí ì sọ pé n ó kọ ọ́. Mo kọ "Ìyá Òkè Àrin" bí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe ń pè wọ́n.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Títí di àná, ọ̀rọ̀ èmi àti ọ̀gá òyìnbó láti Ọ́fíìsì Ẹ̀kọ́ nìkan ni kíláàsì yìí. Ọ̀gá yìí, Mísítà Pẹ́tígírù, ní kí n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó bá yọ̀ǹda ara wọn bí a ti í kọ́ àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì. Òun óò wá wò wá lẹ́yìn Iléyá. Bí òun bá bá kíláàsì lórí ìdúró, òun óò fún wa ní pátákó àti àtùpà àti ìwé. Bí òun kò bá bá nǹkan kan, Èbúté Mẹ́ta ni wọn óò kó gbogbo rẹ̀ lọ, obìnrin wo ní ilé yìí ni yóò sì gun afárá kọjá nítorí Gẹ̀ẹ́sì? Èyí tí mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Nísinsìnyí Ìyá ti wọ̀ ọ́.

Sátidé, 19 Méè

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí yóò di olùkọ́. Mo retí mẹ́wàá, mẹ́fà dé. Òjò ni. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mẹ́ta ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Lùkúmọ̀n ń to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé kan lẹ́bàá Tinúbú, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ó mọ̀wé, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀wé. Ganiat aránṣọ, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló máa ń sinmi. Dáfídì jẹ́ ọmọ àwọn Sàró tó ń gbé lẹ́yìn CMS, akọ̀wé báńkì ni. Òun nìkan ni kì í ṣe mùsùlùmí láàárín wa, òun ló sì kọ́kọ́ bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé kéwú, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo fi kọ́ wọn. Dúró gbọn-in níwájú. Gbé ohùn sókè. Na ọ̀pá sí ẹni tí o fẹ́ kí ó dáhùn. Béèrè pé, "What is your name?" Bí ó bá ṣì í, sọ pé "Again!" títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi ara wọn dánra wò. Lùkúmọ̀n na ọ̀pá sí Ganiat. Ganiat ní, "My name is Queen of Ìdúmọ̀tà." A rẹ́rìn-ín títí Àáfà Jímọ̀ fi yọjú lójú fèrèsé pé ariwo wa ti ju ti àwọn ọmọ kéwú àwọn lọ. Oríyìn ni mo kà á sí.

Sátidé, 26 Méè

Dáfídì fẹ́ kọ́ àwọn ìyá ní gírámà kí wọ́n tó kọ́ bí a ti í kíni. Mo ní kó tọ́jú gírámà rẹ̀ pa mọ́ di ọjọ́ tí a bá bi í. Ó fajú ro, lẹ́yìn náà ó lọ ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún gbogbo wa. Ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń kọ̀wé ti gbówó lórí. Mo rà á náà, kí ni n ó ṣe?

Wọ́n ti ń ṣe dáadáa. Lùkúmọ̀n ló dára jù. Ọwọ́ rẹ̀ ni n ó fi ṣíṣí kíláàsì sí.

Ọjọ́rú, 30 Méè

Òjò. Mọ̀núrù ọmọ mi ní ibà. Kò sí nǹkan míì.

Ọjọ́ Ajé, 4 Júùnù

Ó ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ tààrà kí n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

A ṣí kíláàsì lónìí lẹ́yìn ìrun aláàsárì. Obìnrin kún ilé kéwú fọ́fọ́, àwọn ìyàwó ilé wa, àwọn oníṣòwò Òkè Àrin, àwọn ará ẹ̀yìnkùlé. Ìyá wà níwájú pátápátá, lórí àpótí onígi tí wọ́n gbé wá fúnra wọn. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ sí yídì ni wọ́n wọ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín sí ògiri.

Lùkúmọ̀n dúró gbọn-in bí mo ti kọ́ ọ. Ó gbé ohùn sókè. Ó na ọ̀pá, ọ̀pá náà sì bọ́ sí àárín ojú Ìyá gan-an.

"You! What is your name?"

Ìyá ń wo ọ̀pá náà. Lùkúmọ̀n rò pé kò yé wọn ni, ó bá túmọ̀ rẹ̀: "Mà, kí lorúkọ yín?" Bí ẹni pé "Mà" yẹn lè tún nǹkan kan ṣe! Ìyá kò mira. Lùkúmọ̀n gbá ọ̀pá mọ́ ògiri.

"Again!"

Ìyá dìde. Wọ́n gbé àpótí wọn. Wọn kò pariwo, ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Ìyá mi ló ń pe orúkọ mi, ó sì ti kú. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó dá a láṣà láti bi mí. Ọmọ àná wá ń na igi sí mi lójú, ó ń bi mí lórúkọ." Wọ́n jáde bọ́ sínú òjò. Gbogbo obìnrin yòókù tẹ̀lé wọn, àwọn míì tilẹ̀ gbàgbé bàtà.

Lùkúmọ̀n dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí, ṣebí bí ẹ ṣe kọ́ mi nìyẹn?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọdé la fi kọ́ṣẹ́. Nínú ilé kéwú níbí, ojúgbà ara wọn ni wọ́n fi dánra wò. Èmi tí mo ń kúnlẹ̀ kí ọmọ kékeré tí wọ́n bí sílé yìí kí n tó dé, èmi ni mo gbé ọ̀pá lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ kó nà án sí ìyá ọkọ mi. Làákàyè mi lọ síbo?

Ìṣẹ́gun, 5 Júùnù

Kò sí ẹnì kan tó wá. Ganiat jókòó sórí ẹní kéwú, ó ń pa ẹ̀fọn.

Àlàmísì, 7 Júùnù

Ìyá ń jẹ́ ìkíni mi, ṣùgbọ́n wọn kì í fi nǹkan kan lé e. Mo gbé omi síwájú wọn, wọ́n ní, "O ṣé, ìyàwó." Ìyàwó! Tíṣà ti tán. Bàbá Mọ̀núrù ní kí n fi í sílẹ̀ títí inú wọn yóò fi rọ̀. Mo ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì kì í dúró de inú ẹnikẹ́ni. A ṣe gbólóhùn asọ̀ díẹ̀. Mo sunkún ní ilé ìdáná, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru àlùbọ́sà.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń ká aṣọ lórí okùn, mo gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n rò pé àwọn nìkan wà. "Wọ́ọ̀tì ìsì. Wọ́ọ̀tì ìsì." Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ títí, kò lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pòṣé, wọ́n wọlé.

Wọ́n ṣì fẹ́ ẹ. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Sọ́ńdè, 10 Júùnù

Mo kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bẹ Ìyá. Dáfídì ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ pẹ̀lú kóòtù, ó sì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kóòtù náà lórí sìmẹ́ńtì. Lùkúmọ̀n ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ìyá fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, Ìyá alára ń nu agolo sàdíìnì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ẹnì kan kò wọlé. Nígbà tó wù wọ́n, wọ́n wo Lùkúmọ̀n.

"Ọmọ ilé ta ni ẹ́?"

"Ilé Bàbá Onílù... rárá, ilé Bàbá Alágbẹ̀dẹ ni, Mà, lẹ́yìn Ọjà Fàájì." Ẹ̀rù ti jẹ́ kó gbàgbé ilé baba rẹ̀.

"Ta ló bí ẹ níbẹ̀?"

"Ìyá Olówùú, Mà."

"Ìyá Olówùú? Ó gbọ́ pé o ń na igi sí àgbà lójú?"

"Rárá, Mà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún wọn, Mà."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu Ìyá, wọ́n gbé e mì. Wọ́n yí sí Dáfídì. "Ìwọ oníkóòtù ńkọ́? Ta ni ìyá ẹ? Kí ló ń tà? O ti níyàwó? Kí ló dé tí o kò tíì ní? Ta ló ń fọṣọ fún ẹ?" Ìbéèrè lórí ìbéèrè, Dáfídì ń làágùn, ó ń dáhùn gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀. Ojú Ìyá ń mọ́lẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ Ajé, n kò tíì rí wọn kí ara wọn yá tó bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, mi ò rántí ìgbà kan tí Ìyá dáhùn ìbéèrè ẹni tó kéré sí wọn, àfi kí wọ́n fi òmíràn dá a lóhùn. Àwọn ló ń béèrè. Àwa là ń dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó rí. Àní mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì lọ gbé kíláàsì mi kọ ẹ̀yìn sí i.

Mo ní, "Ìyá, gbogbo ohun tí ẹ ń bi Dáfídì yìí, ṣé kì í ṣe òun náà lẹ fẹ́ bi ìyàwó London?"

"Òun gan-an ni. Mo fẹ́ mọ ẹni tó bí i."

"Ẹ wá máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ni yóò máa dáhùn. Ẹ fi wọ́n kọ́ṣẹ́."

Wọ́n wo Lùkúmọ̀n tó ṣì wà nílẹ̀. "Kò ní sí igi?"

"Kò ní sí igi, Mà."

"Ilẹ̀ ni wọn óò jókòó?"

"Orí ẹní, Mà."

Wọ́n ní àwọn óò rò ó. Mo ti ń jáde lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n pè mí padà: "Tíṣà, bá mi gbé ìgò yẹn." Tíṣà! Mo gbé ìgò náà, ǹ bá gbé ògiri bí wọ́n bá ní kí n gbé e. Àlùhámúdù lílàhì.

Ọjọ́rú, 13 Júùnù

Mo kó gbogbo wọn jọ, mo ní kí wọ́n gbàgbé ohun tí mo kọ́ wọn. Dáfídì ní, "Gbogbo rẹ̀?" Mo ní gbogbo rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n jí gírámà rẹ̀ gbé.

Ètò tuntun nìyí. Olùkọ́ jókòó sórí ẹní, akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sórí àpótí. Ganiat yóò kọ́kọ́ bi Dáfídì ní ìbéèrè, Dáfídì yóò dáhùn, àwọn ìyá yóò máa gbọ́. Lẹ́yìn náà àwọn ìyá yóò gba ìbéèrè náà lẹ́nu Ganiat, wọn óò máa bi Dáfídì títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Lùkúmọ̀n ní, "Bí wọ́n bá ṣì í ńkọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ta ni yóò sọ fún àgbà pé ó ṣì í? A rò ó títí. Ganiat ló wá rí i: "Ẹ má sọ pé wọ́n ṣì í. Ẹ ní etí yín ló dí. 'Ẹ jọ̀ọ́ Mà, mi ò gbọ́ dáadáa.' Wọn óò tún un sọ. Bó bá tọ́, etí yín á là." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mọ́ ọn.

"Again" náà, a ti gbà á lọ́wọ́ olùkọ́. Àwọn ìyá ló ni ín báyìí. Ọ̀pá, Lùkúmọ̀n gbé e fún Àáfà Jímọ̀. Wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀, mo sì káàánú àwọn ọmọ kéwú.

Ọjọ́ Ajé, 18 Júùnù

Wọ́n wá! Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Ìyá wá pẹ̀lú àpótí wọn, ó sì tó. Wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú Lùkúmọ̀n tó jókòó lórí ẹní. Ganiat bi Dáfídì, Dáfídì dáhùn. Ìyá tẹ́tí. Wọ́n ní kí Ganiat tún un sọ. Wọ́n ní kó tún un sọ. Wọ́n wá tẹjú mọ́ Lùkúmọ̀n:

"Wọ́ọ̀tì ìsì yọ̀ọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, mi ò gbọ́ dáadáa."

"What is yọ nem."

"Mi ò gbọ́ dáadáa, Mà."

"What is your name!"

"My name is Lukman, Ma."

Ìyá fara ti ògiri. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Again."

Ẹ̀rín pa wá. Wọ́n jẹ́ kó sọ orúkọ rẹ̀ títí òógùn fi bo imú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó dúró síta láti wòran ti wọlé kí ìrun màgàríbì tó tó. Mo sùn bí ọmọ tuntun.

Sátidé, 30 Júùnù

Àgbàrá wọ ilé kéwú. A gbé àwọn olùkọ́ sórí tábìlì nítorí ẹní ti tutù, àwọn ìyá sì ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ torí wọ́n ti ga ju àwọn lọ. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ sínú omi. Kíláàsì ń bá a lọ.

Ọjọ́ Ajé, 9 Júláì

Dáfídì fẹjọ́ sùn pé àwọn ìyá ń bi òun lójoojúmọ́ pé, "Where is your wife?" Mo ní kó dáhùn. Ó ní òun ti dáhùn ṣùgbọ́n "Again" ni wọ́n ń sọ. Ìyá kan láti Ìjẹ̀bú tilẹ̀ ti mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kíláàsì láti wá wò ó. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀pẹ̀ fi wọ̀ mí lẹ́nu, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyá ti mú tiwọn lọ sí ìsọ̀. Akọ̀wé kan wá ra bísíkíìtì ní Òkè Àrin, Ìyá bi í pé, "Who is your mother?" Ọkùnrin náà bọ́ fìlà, ó sì sọ ọ́. Àwọn tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn ti ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àyè ṣì wà.

Àlàmísì, 19 Júláì

Iléyá. Owó àgbò ọdún yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́. A gbé ẹran fún Dáfídì, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí a bá òun béèrè bóyá Iléyá lè tún wáyé lóṣù tó ń bọ̀.

Mísítà Pẹ́tígírù ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Mo jẹ ẹran, mi ò mọ adùn rẹ̀.

Sátidé, 28 Júláì

Ó ti kọjá! Ó ti kọjá, mo sì wà láàyè.

Ọ̀gá dé pẹ̀lú agbòòjò àti bàtà tó kún fún ẹrẹ̀. Ó wo inú ilé kéwú, ó rí àwọn olùkọ́ nílẹ̀, ó rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí àpótí, tí wọ́n ń pàṣẹ. Ó yí sí mi. Ó ní èwo ni olùkọ́ nínú wọn? Mo nawọ́ sí ẹní. Ó ní kò yé òun. Mo ti ń rí pátákó wa lórí afárá, tó ń lọ sí Èbúté Mẹ́ta.

Kí n tó lè ṣàlàyé, Ìyá ti pè é. Wọ́n fi ọwọ́ hàn án, àga kò sí, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lùkúmọ̀n pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀.

"What is your name?"

"My name is Walter Pettigrew."

"Again."

Ó tún un sọ. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Who is your mother?"

Ó sọ ọ́.

"Where is your mother?"

"In England. In a village. She is old now."

"Do you write to your mother?"

Òyìnbó náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Not often, Ma." Ta ló kọ́ ọ ní "Ma" yẹn? Ẹnu Lùkúmọ̀n nìkan ló ti lè gbọ́ ọ.

Ìyá ní, "Write."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yọ gègé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn pé òun óò kọ̀wé sí ìyá òun. Nígbà tó ń lọ, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń yẹ kíláàsì wò, òun kò tíì rí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ̀rọ̀ ju olùkọ́ lọ rí. Pátákó, àtùpà, ìwé, gbogbo rẹ̀ di tiwa! Ganiat hó yèè, Àáfà Jímọ̀ sì ní kí ó rọra, ṣùgbọ́n àwọn náà ń rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo tí kò yé mi ni pé Ìyá kò bá wa yọ̀. Wọ́n gbé àpótí wọn lọ sílé ní jẹ́jẹ́.

Ọjọ́rú, 1 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ó ti yé mi báyìí. Ìyá pè mí láàárọ̀, wọ́n ní kí n mú bébà. "Mo ní kí ọmọ ọlọ́mọ kọ̀wé sí ìyá rẹ̀. Èmi ìyá ńkọ́? Kọ̀wé sí ọmọ mi ní London fún mi. Kọ pé mo ń retí wọn. Má kọ nǹkan míì, kí n má baà sunkún."

Mo kọ ọ́. Èmi ni mo sunkún.

Ìṣẹ́gun, 21 Ọ́gọ́ọ̀sì

Àlàmísì ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀. Ìyá kò lè jẹun. Wọ́n bi mí, wọ́n bi Mọ̀núrù, wọ́n bi ìyàwó ilé kẹta, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó ní àlàáfíà ní ilé yìí.

Àlàmísì, 23 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ti dé.

A wọ fẹ́rì ní Marina lọ sí Àpápá. Ojú ọjọ́ tutù, òjò kò rọ̀. Lùkúmọ̀n gba àyè níbi iṣẹ́ láti bá wa lọ. Ìyá wọ aṣọ yídì, wọ́n ń fi tẹ̀sùbáà ka ìbéèrè wọn: "What is your name. Who is your mother. Are you hungry. Come and sit down."

Bàbá London sọ̀kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí èbúté pẹ̀lú súùtù. Ìyá fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn. Ìyàwó London kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, ó ní "Ẹ kú ilé, Mà," ó ń rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ìyá fà á dìde, wọ́n dì mọ́ ọn. Gbogbo wa wá ń retí Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì kò wá. Ìyá ń wo ọmọbìnrin kékeré tó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ náà fi yẹ̀rì ìyá rẹ̀ bojú. Nínú fẹ́rì, Ìyá kọjú sí omi. Mo ní nínú mi pé, yéè, ó ti parí, gbogbo làálàá yìí!

A délé. Èrò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ki ìyàwó káàbọ̀. Ìyá jókòó sí kọ̀rọ̀. N kò mọ ìgbà tí Lùkúmọ̀n jáde. Ó padà dé pẹ̀lú àpótí Ìyá láti ilé kéwú lórí, ẹní lábẹ́ apá. Ó gbé àpótí kalẹ̀. Ó tẹ́ ẹní síwájú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó, ó sì ń dúró.

Ìyá wò ó pẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n wá jókòó sórí àpótí.

"What is your name?"

"My name is Lukman, Ma."

"Again."

"My name is Lukman, Ma."

"Who is your mother?"

"Ìyá Olówùú, Ma!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín. Ó ti yọ orí lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó wo Lùkúmọ̀n, ó wo Ìyá, ó wá rọra bọ́ sórí ẹní, ó ká ẹsẹ̀ jọ bíi ti Lùkúmọ̀n, ó gbójú sókè. Ó ń dúró kó kan òun.

Ìyá tẹ̀ síwájú. "What is your name?"

Mágírẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ń retí, nítorí òun ni wọ́n kọ sẹ́yìn fọ́tò rẹ̀ tó bá lẹ́tà London wá. Ọmọ náà kọ́kọ́ wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ mi orí sí i. Ó ní, "My name is," ó sì pe orúkọ kan tí n kò lè kọ síbí nítorí pé ìyàwó ilé ni mí. Orúkọ Ìyá fúnra wọn ni. Oríkì tí ìyá wọn fi ń pè wọ́n, tí gbogbo àwa ìyàwó mọ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í pè. Ẹnu rẹ̀ lọ́ ọ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni.

Ìyá kò gbójú kúrò lára ọmọ náà. Wọ́n fi Yorùbá béèrè lọ́wọ́ Bàbá London: "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí a ti bí i, Mà. Ẹ kò fèsì lẹ́tà mi, ẹ̀rù wá ń bà mí láti sọ pé mo ti fi orúkọ yín sọ ọmọ láìbéèrè."

Omijé ń dà lójú Ìyá, wọn kò nù ún. Wọ́n tẹ̀ síwájú títí orúnkún wọn fi kan ẹní.

"Again," wọ́n ní.

Ọmọ náà tún orúkọ náà pè.

"Again."

Jímọ̀, 24 Ọ́gọ́ọ̀sì

Àwa ìyàwó ilé pàdé nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ yìí láti wá orúkọ tí a ó máa pe ọmọ náà, nítorí kò sí ẹni nínú wa tó lè pe tiẹ̀. A fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Ganiat tó ń pọn omi ló sọ ọ́, a sì gbà fún un lójú ẹsẹ̀. Àgéènì. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan láti ẹnu ọ̀nà, ó sì sáré wá.